Ọ̀nà Pápá: Lámèyítọ́ Àwòrán *Going to the Match* ti L. S. Lowry

Nínú àwòrán tí L. S. Lowry pè ní *Going to the Match*, ojú kò rí bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ń wá agbábọ́ọ̀lù tó ń sáré, rẹfirí tó ń fọn fèrè, tàbí aṣọ́lé tó nà gbalaja sílẹ̀, kò ní rí wọn níbẹ̀. Èrò ló kún kánfáàsì náà: àwọn ènìyàn tó ń wọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà Burnden Park, pápá ìṣeré ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Bolton Wanderers, ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1953 ni Lowry yà á, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 65. Lónìí, bí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì bá ń sọ̀rọ̀ àwòrán tó jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù, èyí ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ́kọ́ dárúkọ.

Mo gbà pé iṣẹ́ ńlá ni. Ìdí tí mo fi gbà bẹ́ẹ̀ ni pé ẹni tó yà á mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán pápá kò kà sí: ohun tó ń gbé ènìyàn kúrò nílé lọ sí pápá tóbi ju ohun tí wọ́n ń lọ wò lọ. Àmọ́ iṣẹ́ náà ní ibi tó kù sí. Ibẹ̀ kò sì jìnnà sí ibi tí agbára rẹ̀ wà, ìdí nìyí tó fi yẹ kí a fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ká tó ṣe ìdájọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà níbẹ̀. Kánfáàsì náà kò tóbi: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 91, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 71. Ọ̀dà elépo ni Lowry lò. Iwájú àwòrán jẹ́ ilẹ̀ gbalasa tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Láti ọwọ́ òsì, láti ọwọ́ ọ̀tún àti láti ìsàlẹ̀, níbi tí ẹni tó ń wò ó dúró sí, ni àwọn ènìyàn ti ń bọ̀. Ibì kan náà ni gbogbo wọn dojú kọ. Bí wọ́n ti ń sún mọ́ ògiri pápá ni wọ́n ń kéré sí i, tí wọ́n sì ń fún mọ́ra sí i, títí a kò fi lè ya ara ẹnì kan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnìkejì mọ́. Àwọn tó ti wọlé, tí wọ́n wà lórí àtẹ̀gùn ìdúró, ti di tóótòòtó ọ̀dà lásán. Lẹ́yìn pápá ni ilé àwọn òṣìṣẹ́ to ara wọn lọ. Lẹ́yìn ilé náà ni àwọn ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀pó èéfín wọn. Ojú ọ̀run kò ṣú, kò sì mọ́. Kò sí oòrùn, kò sí òjìji tó hàn ketekete.

Nínú gbogbo èyí, ohun tó ń di ojú mú jù ni bí àwọn ènìyàn náà ṣe tẹ̀ síwájú. Orí wọn ti ṣáájú ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n sún èjìká sókè, wọ́n ń fi àyà gún afẹ́fẹ́. Ara ẹnì kankan kò tọ́ ṣánṣán bí ara ẹni tó ń najú. Ìkánjú wà nínú wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkánjú ìbẹ̀rù. Ìkánjú ẹni tó mọ ibi tó ń lọ ni, tó sì mọ aago tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú ìtẹ̀síwájú ara yìí nìkan, Lowry ti sọ ìtàn ọjọ́ náà fún wa kí ojú wa tó dé ẹnu ọ̀nà pápá.

Irú ayàwòrán wo ló ń rí nǹkan báyìí? Wọ́n bí Lowry ní Stretford, lẹ́bàá Manchester, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1887. Ní 1905, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ìlú Manchester. Lẹ́yìn náà, ó tún gba ẹ̀kọ́ ní Salford, kò sì fi kíláàsì sílẹ̀ pátápátá títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni ogójì ọdún. Nǹkan bí ogún ọdún ló fi jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ alẹ́. Ní ọ̀sán, ó ní iṣẹ́ mìíràn. Láti 1910 títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1952, ilé iṣẹ́ onílé kan tó ń jẹ́ Pall Mall Property Company ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó ń gba owó ilé láti ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́. Ó fi iṣẹ́ yìí pamọ́ fún àwọn olólùfẹ́ àwòrán rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á sí ẹni tó ń yàwòrán nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀.

Ẹni tó ṣí i lójú jù ní ilé ẹ̀kọ́ ni Adolphe Valette, ará Faransé tó wá ń kọ́ni ní Manchester. Nínú kíláàsì, yíya ère àtijọ́ àti ènìyàn tó jókòó síwájú ni iṣẹ́ òòjọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Valette kọ́ wọn ní èyí, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ń ya òpópó Manchester, afárá rẹ̀, odò rẹ̀ tó dúdú, àti kùrukùru tó máa ń dàpọ̀ mọ́ èéfín lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí ọ̀gá rẹ̀ tó ń ṣe báyìí yóò mọ̀ pé ìlú tí òun ń gbé yẹ fún àwòrán, kódà bí ó bá dọ̀tí, kódà bí àwọn ọlọ́lá bá ń yíjú kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ni Lowry gbé jáde kúrò ní kíláàsì, ó sì fi ṣiṣẹ́ ju bí Valette fúnra rẹ̀ ti ṣe lọ, nítorí pé kùrukùru ni ọ̀gá rẹ̀ ń ya, òun sì lọ ya àwọn tó ń rìn nínú rẹ̀.

Ìtàn tí Lowry máa ń sọ nípa bí ojú rẹ̀ ṣe là wáyé ní 1916. Ọkọ̀ ojú irin fi í sílẹ̀ lọ ní Pendlebury, níbi tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Bí ó ti ń gun àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ náà jáde, ó rí ilé iṣẹ́ ìranwú Acme níwájú rẹ̀, iná tàn lójú fèrèsé rẹ̀ gbogbo, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń tú jáde. Ó ti rí ilé iṣẹ́ náà láìmọye ìgbà rí. Ọjọ́ náà ló tó wò ó. Láti ibẹ̀ ni gbogbo àwọn àwòrán rẹ̀ tó lókìkí ti wá, títí kan *Coming from the Mill*, tó yà ní 1930.

Ẹ fi *Coming from the Mill* sí ẹ̀gbẹ́ *Going to the Match*, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ láti apá méjì. Nínú ti àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ ń tu ènìyàn jáde. Nínú ti èkejì, pápá ń gbé ènìyàn mì. Àwọn ará kan náà ni, nínú aṣọ dúdú kan náà, pẹ̀lú ẹ̀yìn títẹ̀ kan náà. Èyí kì í ṣe àìlèyàtọ̀ ọwọ́ ayàwòrán. Bí ayé wọn ṣe rí gan-an nìyẹn. Ní àwọn ìlú ìranwú àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ilé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní 1850 ló fòpin sí iṣẹ́ àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, àwọn ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ààyè ọ̀sán ọjọ́ náà bí ọdún ti ń lọ. Láti inú ààyè yẹn ni àṣà gbígbá bọ́ọ̀lù ní aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé ti ráyè fìdí múlẹ̀. Bọ́ọ̀lù di ohun tó kún ààrin iṣẹ́ àti ìsinmi. Ẹni tó bá mọ èyí yóò mọ ìdí tí àwọn ọ̀pó èéfín fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn pápá nínú àwòrán Lowry. Bí a bá yọ wọ́n kúrò, èrò náà yóò dàbí èrò ọjà. Pẹ̀lú wọn, a mọ ibi tí èrò náà ti ń bọ̀, a sì mọ ibi tí wọn yóò padà sí ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

Ọ̀nà tí Lowry gbà kọ́ èrò yìí yẹ fún àyẹ̀wò pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, pàápàá fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ya ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọ̀ márùn-ún péré ló ń lò: dúdú, pupa, búlúù, ìyeyè àti funfun. Funfun ló fi ń tẹ́ ilẹ̀ àwòrán. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwòrán rẹ̀ máa ń dúdú jù, títí Bernard Taylor, tó ń kọ nípa iṣẹ́ ọnà nínú ìwé ìròyìn *Manchester Guardian*, fi sọ fún un pé kí ó wá nǹkan ṣe sí i. Láti ìgbà náà ló ti ń fi funfun tẹ́ ilẹ̀. Èrè rẹ̀ hàn gbangba nínú *Going to the Match*. Nítorí pé ilẹ̀ mọ́, ara kọ̀ọ̀kan tó wà lórí rẹ̀ dúró bí àmì tàdáwà lórí ìwé. Àlàfo tó wà láàárín ẹnì kan àti ẹnìkejì ń sọ̀rọ̀ bí ara wọn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ní iwájú, àlàfo pọ̀: ènìyàn lè rìn ní tirẹ̀, ó lè bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ti ń lọ, àlàfo ń tán. Ayàwòrán náà kò ya ariwo, àmọ́ bí àlàfo ṣe ń tán lójú wa ni ariwo náà ń ròkè ní etí wa.

Ohun kejì ni ibi tó dúró sí. Ó gbé ojú wa sókè díẹ̀ ju orí àwọn ènìyàn lọ, bí ẹni tó wà lórí òkè kékeré tàbí lójú fèrèsé. Láti ibẹ̀ a lè rí gbogbo ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń rìn kò lè rí. Ẹni tó ń rìn rí ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Àwa ni a rí èrò. Lowry kò sì jókòó síta ya èyí. Inú yàrá rẹ̀ ló ti máa ń to àwòrán rẹ̀ jọ, láti inú àkọsílẹ̀ kéékèèké àti láti inú ìrántí. Nítorí náà, Burnden Park ni pápá tó wà nínú àwòrán náà, àmọ́ ìran náà ti gba orí ẹnì kan kọjá. Manchester City ni ẹgbẹ́ tí Lowry fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ lé; pápá ẹgbẹ́ mìíràn ló yà. Èyí jẹ́ ẹ̀rí pé kì í ṣe ẹgbẹ́ ló ń wá, ìrìn ni.

A óò mọ iye ohun tó ṣe bí a bá wo àwọn tó ya bọ́ọ̀lù ṣáájú rẹ̀. Thomas Hemy ya ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Sunderland àti Aston Villa ti ọdún 1895 sórí kánfáàsì gbàràmù kan. Góńgó iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè sọ pé òun rí i: bọ́ọ̀lù wà lófuurufú, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń fò sókè, ẹni tó mọ̀ wọ́n lè dárúkọ wọn. Ní 1913, Umberto Boccioni, ará Ítálì, ya agbábọ́ọ̀lù kan títí ara rẹ̀ fi tú ká di ìmọ́lẹ̀ àti ìyípo. Sísáré ló yà, kò ya ẹni tó ń sáré. Iṣẹ́ méjèèjì ni mo bọ̀wọ̀ fún. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì gbà pé inú pápá ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Lowry ni ó yí ẹ̀yìn padà sí eré náà, tó wo ojú ọ̀nà. Nígbà tí Àjọ Bọ́ọ̀lù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 90 ní 1953, tí wọ́n sì gbé ìdíje kalẹ̀ fún àwọn ayàwòrán lórí bọ́ọ̀lù, *Going to the Match* wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn. Ó jọ mí lójú pé àjọ tó ń ṣètò bọ́ọ̀lù lè fi ẹ̀bùn fún àwòrán tí bọ́ọ̀lù kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé láìsí àwọn tó ń rìn bọ̀ yìí, eré ọmọdé ni gbogbo rẹ̀ ì bá jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ òótọ́ nípa àwòrán yìí kò gbọdọ̀ fò. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ọdún 1946, Bolton gba Stoke City lálejò ní Burnden Park nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ FA. Ogun àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ebi bọ́ọ̀lù sì ń pa àwọn ènìyàn. Àwọn tó wá lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin. Ní apá ibi tí ojú irin wà, èrò tẹ èrò, irin ìdènà já, àwọn ènìyàn sì ṣubú lé ara wọn. Ẹni 33 ló kú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún sì farapa. Wọ́n gbé òkú síta pápá, wọ́n sì tún gbá bọ́ọ̀lù náà parí. Ọdún méje péré ló wà láàárín ọjọ́ yẹn àti ìgbà tí Lowry ya èrò tó ń wọ́ lọ sí pápá kan náà. Ní ọjọ́ 2, oṣù Karùn-ún, 1953, Bolton dé àṣekágbá ife náà ní Wembley, níbi tí Blackpool ti borí wọn pẹ̀lú àmì ayò mẹ́rin sí mẹ́ta. Stanley Matthews, tó wà nínú ẹgbẹ́ Stoke lọ́jọ́ tí àwọn ènìyàn kú ní Burnden, ló jẹ́ ìràwọ̀ Blackpool lọ́jọ́ yẹn.

Lowry kò fi àmì kankan sínú àwòrán rẹ̀ láti rán wa létí 1946. N kò ní sọ pé òun ló ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àwòrán máa ń gbé ohun tí ibi tó ń yà ti rí, yálà ayàwòrán fẹ́ tàbí kò fẹ́. Ẹni tó bá mọ ìtàn náà kò lè wo bí àlàfo ṣe ń tán láàárín àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn lẹ́nu ọ̀nà pápá kí àyà rẹ̀ má já díẹ̀. Ohun tó ń fa ayọ̀ àti ohun tó lè fa ikú jẹ́ ohun kan náà: ara tó pọ̀ tó ń fún mọ́ra níbi tó há. Mo ka èyí sí ara ọrọ̀ iṣẹ́ náà. Lowry ya èrò pẹ̀lú òótọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ewu rẹ̀ fi wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìyìn tí mo ń yìn ín kò ní kí n má sọ ibi tó kù sí. Àwọn ènìyàn Lowry kò ní ojú. Àmì dúdú kékeré ni orí wọn. Ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín débi pé gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀ wọ́n sí ènìyàn igi ìṣáná. Àwọn kan ti fi èyí sọ pé kò mọ ènìyàn yà. Irọ́ gbáà ni. Ní 1938, ó ya orí ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ pọ́n kankan, tó ń wo ènìyàn débi pé ẹni tó bá rí i kì í gbàgbé. Ẹni tó ya ojú yẹn lè ya ojú èyíkéyìí. Nígbà náà, àìlójú èrò Burnden Park jẹ́ ohun tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, ó sì yẹ ká bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Ìdáhùn kan ni pé èrò bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ máa ń gba ojú lọ́wọ́ ènìyàn. Nínú pápá, òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ ń pariwo kan náà. Ẹni tó jẹ gbèsè ń fò mọ́ ẹni tó yá a lówó. Mo gba ìdáhùn yìí dé àyè kan. Àmọ́ ojú ọ̀nà kọ́ ni inú pápá. Lójú ọ̀nà, ènìyàn ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bàbá ṣì di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ẹni tí wọ́n lé níṣẹ́ lánàá ṣì ń ronú nípa rẹ̀. Nínú àwọn ìrìn wọ̀nyí, Lowry fún wa ní ìṣísẹ̀, kò fún wa ní ẹni tó ń rìn.

Fún ojú Yorùbá, àìsí yìí tilẹ̀ hàn jù. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére tó kú ní nǹkan bí ọdún 1938. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Lára ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó pẹ̀lú ọlá rẹ̀, ó ń gba òyìnbó aṣojú ìjọba lálejò. Àwọn aláàárù ló ru òyìnbó náà wá. Èrò wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ìyàwó ọba, ẹmẹ̀wà, ẹlẹ́rù, ẹlẹ́wọ̀n, gbogbo wọn tò lórí ara wọn. Àmọ́ Ọlọ́wẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ orí nù. Aláàárù tó rẹlẹ̀ jù lọ ní orí tó tóbi, ó ní ojú tó là, nítorí lójú àwọn tó gbẹ́ ẹ fún, orí ni ènìyàn fi ń jẹ́ ènìyàn. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí àfihàn ńlá ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, ní àyíká pápá ìṣeré tí Bolton Wanderers ti gba ife-ẹ̀yẹ FA ní ọdún tó ṣáájú. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ló wà nísinsìnyí. N kò sọ pé Lowry rí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé ní àkókò kan náà, ọnà mìíràn wà láti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sójú kan láìsọ ẹnì kankan di àmì. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọn Lowry, ìwọ̀n rẹ̀ kò pé.

Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sán rẹ̀ ní ọwọ́ nínú èyí. Agbowó ilé máa ń rí àwọn ènìyàn lójoojúmọ́, ó mọ àdúgbò wọn ju ọ̀pọ̀ lọ, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró. Ìdajì ilẹ̀kùn ló ń ṣí fún un. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń rìn, ó mọ ẹ̀wù wọn, ó mọ ìgbà tí wọ́n ń jáde àti ìgbà tí wọ́n ń wọlé. Kì í jókòó sídìí iná wọn. Ìmọ̀ irú èyí gan-an ló wà nínú *Going to the Match*: ó gbòòrò, ó jẹ́ òótọ́, kò sì wọlé. Ẹnu ọ̀nà pápá ni àwòrán náà dúró, bí ayàwòrán rẹ̀ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn ènìyàn fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ìjìnnà náà ló jẹ́ kí ó rí èrò lódindi. Ìjìnnà náà ni kò jẹ́ kí ó rí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Síbẹ̀, àwọn tí ó yà kò bínú sí i. Wọ́n gbà á bíi tiwọn. Ní 1999, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ra àwòrán náà, ní iye tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù pọ́n-ùn 1.9. Wọ́n gbà kí gbogbo ènìyàn máa wò ó ní The Lowry, gbọ̀ngàn iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ṣí ní Salford ní 2000, tí wọ́n sì fi orúkọ ayàwòrán náà pè. Nígbà tí wọ́n tún gbé e jáde fún gbàǹjo ní Christie's ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ẹ̀rù ba àwọn ará Salford pé olówó kan lè gbé e lọ sí yàrá rẹ̀. Olórí ìlú náà sọ̀rọ̀ síta pé ó yẹ kí ó wà níbi tí ará ìlú lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Pẹ̀lú owó tí àjọ àánú kan fi ràn wọ́n lọ́wọ́, The Lowry rà á ní mílíọ̀nù pọ́n-ùn 7.8. Inú mi dùn sí i. Burnden Park fúnra rẹ̀ kò sí mọ́. Bolton kúrò níbẹ̀ ní 1997, wọ́n wó o, ilé ìtajà ńlá ló wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ìrìn àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn kò ní ibòmíràn tí a ti lè rí i mọ́, àfi lára ògiri Salford.

Ìdájọ́ mi nìyí. *Going to the Match* kò jinlẹ̀ dé ọkàn ẹnì kankan, mo sì ka ìyẹn sí àbùkù gidi, kì í ṣe àṣà lásán. Ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀ dé ìdí ohun tí pápá jẹ́ fún àwùjọ òṣìṣẹ́ ju àwòrán bọ́ọ̀lù èyíkéyìí tí mo mọ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà tó bá ń wá ohun tí yóò yà ní pápá ìṣeré lè kọ́ ohun méjì lára rẹ̀. Èkíní, kí ó má ṣe kánjú wọlé. Kí ó dúró síta, kí ó wo ibi tí àwọn ènìyàn ti ń bọ̀ àti ohun tó wà lẹ́yìn wọn. Èyí ni Lowry ṣe, kò sì sí ẹni tó ṣe é jù ú lọ. Èkejì ni ohun tí Lowry kò ṣe: lẹ́yìn tó bá ti rí èrò, kí ó sún mọ́ wọn, kí ó béèrè orúkọ, kí ó sì fún ẹnì kan, ó kéré tán, ní orí tirẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀. Ẹni tó bá lè pa méjèèjì pọ̀ sórí kánfáàsì kan yóò ya ohun tí Lowry fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo sì gbà pé iṣẹ́ náà ṣì ń dúró de ẹni tí yóò ṣe é.